Àkúdàáyà nínú Ìwé Orúkọ: Ìtàn bí Àwọn Kọ̀ǹpútà ṣe ń Da Orúkọ Kọ fún Ara Wọn

Ìfáárà

 

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ ìtàn kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ ẹ̀dà ni iṣẹ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá gba ìjálá kan sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a sì gba irú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ mìíràn ní Ọ̀yọ́, a ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó wo ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Nínú ìjálá, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe àbùkù. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé apohùn náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Ifá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí babaláwo kan bá ń kì Ifá láàárín àwùjọ, tí ó sì ṣì í kì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà ní ìjókòó yóò dá a dúró, wọn yóò sì tún un ṣe. Èyí fi hàn pé láyé àwọn baba wa, a ti mọ̀ pé ẹ̀dà kan wà tí a lè fi sílẹ̀ kí ó máa rìn bí ó ti wù ú, ẹ̀dà mìíràn sì wà tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Ìwé orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú wà lára irú ẹ̀dà kejì yìí. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà tí ẹ̀dà ìwé náà, tí ó wà káàkiri ayé, yóò fi máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Kókó tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe dídàkọ gan-an ni ó nira jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun méjì ni ó nira. Èkíní ni láti mọ ibi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan bá ìròyìn dé. Èkejì ni láti rí i pé ohun tí a ti pa rẹ́ níbì kan kò tún wà láàyè níbòmíràn.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Kan

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a fi ẹnu kò lórí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Ohun tí mo pè ní ìwé orúkọ ni àkọsílẹ̀ tí ó ń sọ ẹni tàbí ẹ̀rọ tí ó wà nínú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà kan, ibi tí ó wà, àti ohun tí ó ní àṣẹ láti ṣe. Bí òṣìṣẹ́ kan bá tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní àárọ̀, ìwé yìí ni ẹ̀rọ náà ń yẹ̀ wò kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹni tí kò sí nínú ìwé náà kò sí lójú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú ìwé náà, tí ó sì ń dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní server. Èmi yóò pè é ní kọ̀ǹpútà olùtọ́jú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí kọ̀ǹpútà olùtọ́jú bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ó bá dákú ni gbogbo iṣẹ́ dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń ní púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ẹ̀dà tirẹ̀. Láti inú èyí ni iṣẹ́ mẹ́ta ti jáde. Dídàkọ ni kí ọ̀rọ̀ tuntun kúrò nínú ẹ̀dà kan bọ́ sínú òmíràn. Ìṣọ́ ni kí a máa wò ó bóyá dídàkọ náà ń lọ bí ó ti yẹ. Ìtanilólobó ni kí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ tuntun ta ẹnìkejì rẹ̀ lólobó pé kí ó wá gbà á, láìdúró de àkókò tí wọ́n ti dá.

Ìwé Kan Ṣoṣo ní Menlo Park

Ní ọdún 1969 ni ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní ARPANET bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ náà fi ń mọ ara wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ni ó rọrùn fún ènìyàn láti rántí. Nítorí náà, ibùdó kọ̀ọ̀kan kọ ìwé orúkọ tirẹ̀, ó sì ń tún un ṣe bí ó ti ń gbọ́ ìròyìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, L. Peter Deutsch kọ ìwé àbá kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 606 nínú ọ̀wọ́ ìwé àbá àwọn oníṣẹ́ ìsokọ́ra náà. Ẹjọ́ tí ó rò níbẹ̀ ni pé kò bá ọgbọ́n mu kí ibùdó kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ìwé tí ó yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti di ògbólógbòó.

Ojútùú tí wọ́n rí ni pé kí ìwé jẹ́ ọ̀kan, kí ó sì ní olùtọ́jú kan. Iléeṣẹ́ ìwádìí Stanford Research Institute, tí ó wà ní Menlo Park ní ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Elizabeth Feinler ni olórí ẹ̀ka tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ kọ̀ǹpútà tuntun sílẹ̀ yóò kọ̀wé sí wọn. Àwọn ni yóò fi orúkọ náà sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní HOSTS.TXT, ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò sì máa wá da ìwé náà kọ láti ọ̀dọ̀ wọn.

Ètò yìí dára nígbà tí ará ilé kò tí ì pọ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé iṣẹ́ mẹ́ta tí a kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò pé nínú rẹ̀. Dídàkọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìṣọ́, kò sì sí ìtanilólobó. Ibùdó tí ó bá gbàgbé láti wá da ìwé kọ fún oṣù kan yóò máa lo ti oṣù tí ó kọjá, kò sì sí ohun kan tí yóò fi èyí hàn án. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn kọ̀ǹpútà ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹnu ọ̀nà Menlo Park kún fún àwọn tí ó wá dàkọ, àti pé nígbà tí ìwé bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kẹ́yìn, orúkọ mìíràn ti wọ inú rẹ̀.

Olórí Kan, Ẹ̀dà Púpọ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, Paul Mockapetris ti Yunifásítì Gúúsù California gbé ètò mìíràn jáde, èyí tí a ń pè ní Domain Name System. Òun ni a ṣì ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní. Abẹ́ òfin rẹ̀ náà ni.ng ti Nàìjíríà, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1995, wà. Mockapetris pín ìwé ńlá náà sí abala abala, ó sì fi abala kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ẹni tí ó ni ín. Abala kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà olùtọ́jú àgbà kan, níbi tí a ti ń ṣe àyípadà, àti àwọn igbákejì tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ètò yìí ni bí ó ti rọrùn tó. A fi nọ́ńbà kan sí orí ìwé abala kọ̀ọ̀kan. Nígbàkigbà tí a bá yí ohunkóhun padà, a gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà náà sókè. Igbákejì yóò máa bi àgbà léèrè ní àkókò tí a ti dá fún un pé: nọ́ńbà wo ni ó wà lórí ìwé rẹ báyìí? Bí ó bá ju ti ọwọ́ òun lọ, yóò da ìwé náà kọ. Bí wọ́n bá dọ́gba, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nípasẹ̀ nọ́ńbà yìí, ẹ̀dà lè mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá òun ti pẹ́ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ó ń ṣọ́ wọn lè bi gbogbo wọn léèrè nọ́ńbà wọn, kí ó sì mọ èyí tí ó ń fà sẹ́yìn.

Ètò náà tún ní òfin kan tí ó bá ìwà ọmọlúàbí mu. Bí igbákejì kò bá rí àgbà bá sọ̀rọ̀ fún ìgbà tí a ti dá, ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kò gbọdọ̀ máa dáhùn ìbéèrè lórí abala náà mọ́, nítorí pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbó ju ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé lọ.

Síbẹ̀, àléébù méjì wà nínú rẹ̀. Èkíní, ọwọ́ ènìyàn ni nọ́ńbà náà wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó tún ìwé ṣe máa ń gbàgbé láti gbé nọ́ńbà sókè. Gbogbo igbákejì yóò wá béèrè, wọn yóò bá nọ́ńbà àtijọ́, wọn yóò sì gbà pé kò sí ohun tuntun. Ìṣọ́ tí ó ń wo nọ́ńbà nìkan kò lè rí àṣìṣe yìí, àfi èyí tí ó bá wo inú ìwé gan-an. Èkejì, bí àkókò ìbéèrè bá jìnnà sí ara wọn, ìròyìn yóò pẹ́. Bí wọ́n bá sì súnmọ́ jù, ìbéèrè lásán yóò gba ọ̀nà kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996 ni Paul Vixie gbé àfikún kan jáde tí wọ́n ń pè ní NOTIFY. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lọ́dọ̀ àgbà, òun fúnra rẹ̀ lè ta àwọn igbákejì lólobó. Ẹ ṣàkíyèsí pé olobó náà kì í ṣe ìròyìn. Igbákejì tí ó bá gbọ́ ọ yóò ṣì lọ béèrè nọ́ńbà bí ó ti máa ń ṣe. Bí olobó bá sì sọnù lọ́nà, ìbéèrè tí ó máa ń lọ ní àkókò rẹ̀ yóò ṣe àtúnṣe.

Olóòtú Púpọ̀: Ìrírí Iléeṣẹ́ Xerox

Àgbà kan ṣoṣo ni ó ń gba àyípadà nínú ètò tí a ń sọ bọ̀. Bí àgbà náà bá sùn, ẹnikẹ́ni kò lè fi orúkọ tuntun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ láti wo àwọn tí wọ́n gbìyànjú pé kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lè gba àyípadà. Ibùdó ìwádìí iléeṣẹ́ Xerox ní Palo Alto, ní California kan náà, ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Andrew Birrell, Roy Levin, Roger Needham àti Michael Schroeder ni wọ́n ṣe ètò Grapevine, tí wọ́n sì gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1982. Igi àjàrà ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn tí ó gba orí igi àjàrà wá ni ìròyìn tí ó ń ti ẹnu dé ẹnu. Orúkọ náà bá ètò náà mu. Ẹ̀dà tí ó bá gba àyípadà yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀dà yòókù, yóò sì lu òǹtẹ̀ àkókò sí ara ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá ta ko ara wọn, èyí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn ni yóò borí.

Ètò Clearinghouse ni ó rọ́pò rẹ̀ ní iléeṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà lè sọnù, olùfiránṣẹ́ sì lè má mọ gbogbo àwọn tí ó yẹ kí ó kọ̀wé sí. Nítorí náà, wọ́n fi àṣà kan kún un: láàárín òru sí agogo mẹ́fà àárọ̀, àwọn ẹ̀dà yóò máa fi ìwé wọn wé ti ara wọn. Bí wọ́n bá rí ìyàtọ̀, wọn yóò tún kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹ̀dà pé ohun tí ó tọ́ nìyí. Lójú ẹni, ìṣọ́ra tí ó péye ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà abala kan bá tó 300, tí olúkúlùkù sì ń kọ̀wé sí gbogbo àwọn yòókù, lẹ́tà 90,000 ni ó lè wọ orí ìsokọ́ra náà ní òru kan ṣoṣo. Ẹrù náà pọ̀ débi pé ọ̀nà dí. Wọ́n ní láti pa àṣà kíkọ lẹ́tà àtúnṣe náà tì. Báyìí ni ìtọ́jú tí a fẹ́ fi wo àìsàn ṣe di àìsàn fúnra rẹ̀.

Nínú ìṣòro yìí ni ìwé tí mo kà sí èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ti jáde. Alan Demers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1987. Wọ́n ní kí a yé wo dídàkọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ akọ̀wé. Kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí àjàkálẹ̀ àrùn. Àrùn kì í ní ìwé orúkọ àwọn tí yóò mú. Ẹni tí ó ní in yóò pàdé ẹnìkan, ẹni náà yóò pàdé ẹlòmíràn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kárí ìlú. Bí iye àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan bá ń di ìlọ́po méjì ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ìpàdé mẹ́jọ ti tó fún 256.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n là. Mo pe èkíní ní àhesọ. Ẹ̀dà tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tuntun yóò máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé. Bí ó bá wá ń bá àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ọ pàdé, ọ̀rọ̀ náà yóò sú u, yóò sì dákẹ́. Bí àhesọ ti ń rìn láàárín àwa ènìyàn náà nìyẹn. Ó yá, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò dájú. Wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀: bí ó bá sú ẹ̀dà lẹ́yìn tí ó pàdé ẹyọ ẹnìkan tí ó ti gbọ́, nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní gbọ́ rárá. Bí ó bá fara dà á débi pé ó ń gbà tó ìpàdé méjì bẹ́ẹ̀ kí ó tó sú u, nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò ṣẹ́ kù. Ọ̀nà kejì ni ìfiwéra: ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò máa mú ẹnìkan láàárín àwọn yòókù lọ́ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò sì fi ìwé wọn wéra. Èyí wọ́n, ó sì falẹ̀, ṣùgbọ́n bópẹ́bóyá yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a lo méjèèjì pọ̀, kí àhesọ sáré ṣáájú, kí ìfiwéra sì máa ṣa èéṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n tún rí i pé kò yẹ kí gbogbo ẹ̀dà máa bá èyí tí ó jìnnà pàdé bí wọ́n ti ń bá aládùúgbò pàdé. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀dà máa yan èyí tí ó súnmọ́ ọn ju èyí tí ó jìnnà lọ, ẹrù tí ó ń gba ọ̀nà orí Òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Bushey ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dínkù ju ìlọ́po 30 lọ nínú ìṣirò wọn, ìròyìn kò sì pẹ́ púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé Ẹ̀rí Ikú

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó. Gbogbo ohun tí a sọ títí di ìsinsìnyí jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ń wọlé. Báwo ni ti èyí tí ó ń jáde? Ká ní a pa orúkọ kan rẹ́ nínú ẹ̀dà kan. Nígbà tí ẹ̀dà náà bá fi ara rẹ̀ wé ẹnìkejì, ẹnìkejì ní orúkọ náà, òun kò sì ní in. Lójú ẹ̀rọ, kí ni ìyàtọ̀ láàárín orúkọ tí a ti pa rẹ́ àti orúkọ tí ìròyìn rẹ̀ kò tí ì dé? Kò sí. Ẹnìkejì yóò fi inú rere fún un ní orúkọ náà padà, ẹni tí ó ti kú yóò sì jí.

Yorùbá ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa gbà pé ẹni tí ó bá kú ikú àìtọ́jọ́ lè lọ máa gbé ní ìlú mìíràn níbi tí ìròyìn ikú rẹ̀ kò dé. Yóò ṣòwò, yóò fẹ́ aya, yóò bímọ. Àkúdàáyà ni a ń pè é. Ohun tí ó ń mú un wà ni àìmọ̀ àwọn ará ìlú náà. Ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ti kú bá wọ ìlú, tí wọ́n sì fojú kan ara wọn, ni yóò pòórá.

Ohun tí Demers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ní bí a bá pa orúkọ kan rẹ́, kí a má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí a fi ìwé ẹ̀rí ikú sí ipò rẹ̀, kí ó ní òǹtẹ̀ àkókò, kí a sì máa da òun náà kọ láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà. Níbikíbi tí ìwé ẹ̀rí ikú bá ti bá orúkọ àtijọ́ pàdé, orúkọ náà yóò parẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ikú ń gba àyè, kò sì ṣeé ṣe láti tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Bí a bá sọ ọ́ nù lẹ́yìn ìgbà kan, bí àpẹẹrẹ 30 ọjọ́, ẹ̀dà tí ó bá ti wà ní àdádó ju 30 ọjọ́ lọ lè padà dé pẹ̀lú orúkọ àwọn òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n pé kí ẹ̀dà díẹ̀ máa tọ́jú ìwé ẹ̀rí ikú náà fún ìgbà pípẹ́, kí ó máa sùn lọ́dọ̀ wọn. Bí orúkọ àtijọ́ bá ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ìwé ẹ̀rí náà yóò jí, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Arìnrìn-àjò tí ó mọ òkú náà ni ó wọ ìlú yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a tó lè gbàgbé ohun tí a pa rẹ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ rántí pé a pa á rẹ́.

Ìṣọ́ àti Olobó lẹ́yìn Ọdún 2000

Ní ọdún 1988 ni àwọn àjọ àgbáyé gbé òfin X.500 jáde lórí ìwé orúkọ kọ̀ǹpútà. Òfin náà tóbi, ó sì wúwo. Ní ọdún 1993, Tim Howes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan ṣe èyí tí ó fúyẹ́, tí a ń pè ní LDAP. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé orúkọ àwọn iléeṣẹ́ dúró lé. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù nínú wọn ni Active Directory ti iléeṣẹ́ Microsoft, tí ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2000. Nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà olùtọ́jú ni ó lè gba àyípadà, gẹ́gẹ́ bí ti Xerox. Olúkúlùkù ń ka àyípadà tí ó bá wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ení, èjì, ẹ̀ta. Alábàáṣe rẹ̀ sì ń rántí iye tí òun ti gbà dé.

Nínú ọgbà kan náà, ẹ̀dà tí ó gba àyípadà máa ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lólobó; láti ọdún 2003, ó di ìṣẹ́jú àáyá 15. Láàárín ọgbà kan àti òmíràn tí ó jìnnà, àkókò tí a máa ń bá níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà ni 180 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró: bí ẹnìkan bá ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀ lé ara wọn débi pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, olobó rẹ̀ ń lọ lójú ẹsẹ̀ láàárín ọgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wákàtí mẹ́ta yìí túmọ̀ sí. A lé òṣìṣẹ́ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ní olú iléeṣẹ́, a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ní ẹ̀ka tí ó wà ní ìlú mìíràn, ó ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ títí di nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ó sì lè ṣí àpótí owó. Nítorí irú èyí ni a ṣe fún alábòójútó ní irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní repadmin. Ó lè fi ṣe ìṣọ́: yóò sọ fún un ìgbà tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gba ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láti ọ̀dọ̀ alábàáṣe rẹ̀, àti iye ìgbà tí ó ti gbìyànjú tí kò rí i gbà. Ó sì lè fi ṣe àṣẹ, kí dídàkọ bẹ̀rẹ̀ ní wéré láìdúró de àkókò. Ìròyìn kò tó àfojúbà: bí ó bá ti pàṣẹ tán, ó gbọ́dọ̀ tún padà wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó rán an.

Ìwé ẹ̀rí ikú náà wà nínú ètò yìí. Ọjọ́ 60 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un. Ó di 180 nínú àwọn ètò tí a dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Kọ̀ǹpútà olùtọ́jú tí a bá pa, tí a sì tún tàn lẹ́yìn tí ọjọ́ wọ̀nyí ti pé, lè gbé àkúdàáyà wọlé. Nítorí náà ni a ṣe fi òfin kan sí i: bí ẹ̀dà kan bá rí i pé ẹnìkejì ń fi àyípadà ránṣẹ́ lórí orúkọ tí kò sí lọ́dọ̀ òun mọ́, kí ó kọ̀ ọ́, kí ó sì dá àjọṣe wọn dúró títí ènìyàn yóò fi wá yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo ní Gánà

Ohun tí a ti sọ lè mú wa rò pé ẹ̀dà tí ó bá pẹ́ lẹ́yìn kò ní ohun rere kankan nínú. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní NotPetya ti Ukraine tàn kálẹ̀, ó sì wọ iléeṣẹ́ Maersk, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Copenhagen. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn Andy Greenberg ti kọ ọ́ ní ọdún 2018, iléeṣẹ́ náà ní nǹkan bí 150 kọ̀ǹpútà olùtọ́jú ìwé orúkọ káàkiri ayé. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn yòókù yóò fún un ní ẹ̀dà. Wọn kò ro ti ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ náà sì dé.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yè, ní Gánà. Iná mànàmáná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó jà, àìsí iná náà sì ti já kọ̀ǹpútà yìí kúrò lára ìsokọ́ra. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé orúkọ inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ tín-ín-rín jù, yóò gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà ní Gánà kò sì ní físà. Ọ̀kan nínú wọn wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi hard disk náà lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn sì gbé e dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí ẹ̀dà yìí ni wọ́n ti tún ìwé orúkọ wọn kọ́. Jim Hagemann Snabe, tí ó jẹ́ alága iléeṣẹ́ náà nígbà náà, sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2018 pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n tún 4,000 server àti 45,000 kọ̀ǹpútà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí pẹ̀lú ohun tí a sọ nípa àkúdàáyà. Ohun kan náà, ìyẹn ni kí ẹ̀dà kan wà ní àdádó láìgbọ́ ìròyìn, ni ó ń gbé òkú wọlé, òun náà ni ó sì gba Maersk là. A kò lè kó gbogbo ìdádúró dànù pé ibi ni. Ohun tí a lè ṣe ni kí a mọ ẹ̀dà tí ó pẹ́ lẹ́yìn, kí a mọ bí ó ti pẹ́ tó, kí a sì mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀dà kan máa wà ní àdádó nítorí ọjọ́ ibi, kí ó jẹ́ pé àwa ni a fi í síbẹ̀. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé iná tí ó lọ ni yóò bá wa ronú.

Àgbálọgbábọ̀

Ní àkótán, ìtàn tí a sọ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń kọ ìwé tirẹ̀, ó gba Menlo Park níbi tí ìwé ti jẹ́ ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ àgbà àti igbákejì, ó sì parí sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí kò ní olórí kan ṣoṣo. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, dídàkọ ni a kọ́kọ́ ń yanjú, ìṣọ́ ni ó máa ń kẹ́yìn, ibi tí ìṣọ́ kò bá sì dé ni aburú ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ìwé orúkọ ni yunifásítì fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, òun ni ilé ìwòsàn fi ń mọ ẹni tí ó lè ṣí ìwé aláìsàn, òun náà ni ìjọba fi ń mọ òṣìṣẹ́ tí yóò gba owó oṣù. Ẹni tí ìwé irú èyí bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nígbàkigbà tí a bá bi í. Ẹ̀dà mélòó ni ó wà, níbo ni wọ́n sì wà? Nígbà wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ìròyìn gbẹ̀yìn? Bí a bá pa orúkọ kan rẹ́ lónìí, ta ni yóò jẹ́rìí sí i lọ́la fún ẹ̀dà tí kò sí nílé?

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀ka wa. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwé Èdè Ìperí Yorùbá ti fi hàn pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ bí olobó, àhesọ, ìfiwéra àti ìwé ẹ̀rí ikú, tí mo lò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ni mo gbé síwájú yín kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Bí ẹ bá rí èyí tí ó dára jù wọ́n lọ, ẹ jẹ́ kí a gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyí.